Ihò Kan fún Gbogbo Ẹ̀rọ: Èrè àti Ìyọnu USB

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní alẹ́ òní kò jẹ mọ́ ewì tàbí àṣà ìbílẹ̀, síbẹ̀ kò jìnnà rárá sí iṣẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ó jẹ mọ́ ihò pẹlẹbẹ kan tí ó wà lára kọ̀ǹpútà, tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. USB ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà mẹ́ta yìí dúró fún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí onírúurú ẹ̀rọ lè jọ máa gbà, tí ìròyìn sì ń tò gba inú rẹ̀ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni pé, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí ihò yìí ti dé ayé, ǹjẹ́ ìrọ̀rùn tí ó mú wá tó ìyọnu tí ó dá sílẹ̀?

Ẹni tí ó bá dé Àgọ́-Ìwòyè ní àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún ìkẹyìn ń kó iṣẹ́ ìwádìí wọn jọ kò ní pẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tó sọ. Yunifásítì tí Gómìnà Ọlábísí Ọnàbánjọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a sì wá fi orúkọ rẹ̀ sọ ní ọdún 2001, kò sí lójú kan. Olú ilé rẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ka ní Ayétòrò, ní Ìbògùn, ní Ṣàgámù àti ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìwé tí olùkọ́ kan bá tẹ̀ ní ìlú kan lè jẹ́ pé ìlú mìíràn ni wọn yóò ti ṣí i kà. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tò lọ bẹẹrẹ, kálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fa fíláàṣì yọ láti inú àpò, tàbí láti ara okùn tí ó fi gbé e kọ́ ọrùn, yóò nà án sí ọmọ tí ń tẹ̀wé, ọmọ náà yóò sì kì í bọ inú ihò. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ni ó wà nínú nǹkan tí kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Bí fáìlì bá ṣí, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ojú ìwé. Bí kò bá ṣí, ìdákẹ́jẹ́ a ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà bí ìgbà tí a bá túfọ̀.

Kí a tó dá USB lẹ́bi, ó yẹ kí a rántí bí ayé ṣe rí kí ó tó dé. Ní àwọn ọdún 1980 títí di àárín ọdún 1990, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà dà bí ojúlé àgbo-ilé ńlá tí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ihò gbọọrọ tirẹ̀, tí abẹ́rẹ́ 25 wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń bá okùn tẹlifóònù sọ̀rọ̀ ní ihò mìíràn. Lẹ́yìn ọdún 1987 ni ihò róbótó tí IBM mú jáde tún dé, ọ̀kan fún kíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan fún máòsì. Méjèèjì bá ara wọn mu ní ìrísí bí ìbejì, ṣùgbọ́n bí a bá ṣèèṣì gbé okùn èkíní sí ihò èkejì, kò ní dáhùn. Nígbà tí ó yá ni wọ́n fi àwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ ewé sàmì sí wọn. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé tí kò sí ihò fún un, onítọ̀hún ní láti tú ikùn kọ̀ǹpútà, kí ó kì pátákó kan bọ inú rẹ̀, kí ó sì máa bá a jà títí tí yóò fi gbà. Ẹni tí kò bá sì kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà kí ó tó so nǹkan mọ́ ọn lè ba owó jẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé lé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́wọ́.

Ní ọdún 1994 ni ilé-iṣẹ́ méje kan fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fi òpin sí rúgúdù yìí. Compaq, DEC, IBM, Intel, Microsoft, NEC àti Nortel ni wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1996 ni ìlànà àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀gbẹ́ni Ajay Bhatt, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ń ṣiṣẹ́ ní Intel ní Amẹ́ríkà, ni a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí aṣáájú iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ fún àwọn oníròyìn pé wàhálà tí ìyàwó òun ń ṣe nílé kí ó tó lè tẹ nǹkan jáde nínú kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí ó mú òun ronú sí ọ̀ràn náà. Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ kà á sí. Ọdún 1998, nígbà tí Apple gbé kọ̀ǹpútà iMac jáde tí ó sì yọ àwọn ihò àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, ni àwọn tí ń ṣe kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí àwọn náà gba ojú ọ̀nà tuntun.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ọmọ Yorùbá, nítorí pé ó fara jọ ìlànà àfin. Kọ̀ǹpútà ni ọba. Ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ ọn ni àlejò. Bí àlejò bá wọlé, yóò kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́, ilé-iṣẹ́ tí ó bí òun àti irú iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Kọ̀ǹpútà yóò sì fún un ní nọ́ńbà tí yóò máa fi pè é níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀. Nọ́ńbà 127 ni ó wà fún ihò ọba kan, bí a bá lo àwọn okùn onílé púpọ̀ tí ń pín in. Láti ìgbà náà lọ, àlejò kò ní sọ̀rọ̀ àfi bí ọba bá bi í léèrè. Máòsì tí a rò pé ó ń pariwo fún kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti tẹ òun, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pé ǹjẹ́ nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí a fi ìlànà yìí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni èrè àti ewu USB ti jọ jáde.

Èrè rẹ̀ kò kéré. A lè so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí iná wà lára rẹ̀, kí a sì tún yọ ọ́. Okùn kan náà tí ń gbé ìròyìn ni ó tún ń gbé iná: nínú okùn àtijọ́, wáyà mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, méjì fún iná, méjì fún ìròyìn. Iná ọ̀hún jẹ́ fóòtì 5, kò sì lágbára tó láti pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti fíláàṣì ṣiṣẹ́ láìsí pé a tún wá ibi tí a ó ti fi wọ́n sí ògiri. Ní ìlú tí iná mànàmáná kì í ti í fìgbà gbogbo wà, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà di ohun tí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rí ń lò. Ẹni tí ó bá lọ sí àwọn ìletò etí omi ní agbègbè Ògùn Waterside, níhà Abígi àti Ìwòpin, yóò rí i pé àtùpà tí ń gba agbára lọ́wọ́ oòrùn ní ihò USB lára, ibẹ̀ sì ni onílé ti ń fi iná sí fóònù rẹ̀. Bátìrì alágbèéká tí oníṣòwò ń gbé kiri ní ihò kan náà. Rédíò kékeré ní i. Apẹja tàbí àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún mọ̀ dájú pé okùn tí òun yá lọ́wọ́ aládùúgbò yóò wọ ihò tí ó wà lára àtùpà òun. Àwọn méje tí wọ́n jókòó ní ọdún 1994 kò ro ti apẹja Ìwòpin rárá, síbẹ̀ òun náà pín nínú rẹ̀. Bí ìlànà kan bá ti di ti gbogbo ayé, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí àǹfààní rẹ̀ yóò dé.

Owó pẹ̀lú dínkù. Ní àkókò kan náà tí USB jáde ni ìlànà mìíràn tí Apple ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí a mọ̀ sí FireWire, wà lórí àtẹ. Ó gba ìdánimọ̀ ní ọdún 1995. Ìyára rẹ̀ tó mílíọ̀nù 400 ìwọ̀n ìròyìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti USB àkọ́kọ́ kò ju mílíọ̀nù 12 lọ. Ẹ̀rọ méjì sì lè fi FireWire bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ọba láàárín wọn. Nínú ọgbọ́n iṣẹ́, FireWire ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n owó-ẹ̀tọ́ wà lórí rẹ̀, ẹ̀yà inú rẹ̀ sì wọ́n. USB kò gba owó-ẹ̀tọ́ lórí ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì rọrùn láti ṣe. Nígbà tí USB kejì dé ní ọdún 2000 pẹ̀lú ìyára mílíọ̀nù 480, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè kò ní yà lẹ́nu sí irú èyí: kì í ṣe ẹ̀ka-èdè tí ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù ni ó máa ń di èdè àjùmọ̀lò, bí kò ṣe èyí tí ìtẹ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà bá gbé.

Ní tòótọ́, ìtàn àkọtọ́ Yorùbá lè la ọ̀ràn USB yé wa ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ CMS pe àpérò sí Èkó kí ọwọ́ lè ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó ní ọdún 1966, nígbà tí ó sì di ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń lò títí di òní. 'Aiye' di 'ayé', 'enia' di 'ènìyàn'. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń kọ́ àkọtọ́ yìí ń ru ẹrù méjì: ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ka-èdè tí ó bá mu ọmú sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí ó tó wá fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ìdánwò. Ìyà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá kọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ará Òkè-Ògùn àti ará Kétu yóò kà á. Bákan náà ni àkọtọ́ àtijọ́ kò kú tán: pátákó ojú ọ̀nà ṣì ń pe Ṣàgámù ní 'Shagamu', orúkọ ìdílé púpọ̀ sì wà tí àwọn tí ń jẹ́ ẹ kò gbà kí wọ́n yí padà. Dúrọ́ọ̀ tí okùn àtijọ́ kún inú rẹ̀ nílé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ sí pátákó ojú ọ̀nà yẹn.

Àǹfààní kan tún wà tí ó kan èdè yìí tààrà. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ilé-iṣẹ́ kékeré náà lè kan ilẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ Lancor, tí ọmọ Nàìjíríà kan dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe kíbọ́ọ̀dù tí a ń pè ní Kọ́nyin, tí a lè fi tẹ àmì ohùn àti lẹ́tà abẹ́lẹ̀ fún àwọn èdè Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé ayé ti ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ṣì wà, ta ni ì bá ṣe ihò fún kíbọ́ọ̀dù Yorùbá?

Wàyí o, ìyọnu ńkọ́? Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó kéré jù nínú wọn, òun ni pé okùn náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá kì í, yóò kọ̀; bí a bá yí i padà, yóò tún kọ̀; ìgbà tí a bá tún yí i padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni yóò wá wọlé. Bhatt ti ṣàlàyé pé àwọn mọ̀ nípa rẹ̀. Láti ṣe okùn tí yóò máa wọlé lọ́tùn-ún lósì, wáyà inú rẹ̀ ì bá di ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ náà ì bá gòkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dájú pé ayé yóò gba ohun tuntun tí ó wọ́n. Wọ́n fi ìrọ̀rùn ra owó pọ́ọ́kú. Ó ṣòro láti sọ pé wọn kò gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ 'ọ̀kan fún gbogbo' bẹ̀rẹ̀ sí di púpọ̀. Ihò fẹ̀ẹ̀rẹ̀ wà fún kọ̀ǹpútà, èyí tí ó rí bí àpótí kékeré wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tí ó kéré wà fún kámẹ́rà, èyí tí ó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ wà fún fóònù láti ọdún 2007. Ní ọdún 2014 ni wọ́n mú èyí tí a ń pè ní Type-C jáde, tí ó ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, tí ó ní ojú 24 nínú, tí wọ́n sì ní yóò rọ́pò gbogbo àwọn tí ó ṣáájú. Inú ènìyàn dùn. Àṣé ìṣòro tuntun ni ó tún bí. Tẹ́lẹ̀ rí, ìrísí ẹnu okùn máa ń sọ ohun tí okùn lè ṣe. Nísinsìnyí, ẹnu kan náà ni okùn púpọ̀ ní, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú wọn kò dọ́gba. Òmíràn ń gbé iná nìkan, kò sí wáyà ìròyìn nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá rà á yóò so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà títí, kọ̀ǹpútà kò ní rí i. Òmíràn lè gbé ìròyìn ṣùgbọ́n kò lè gbé àwòrán lọ sára ògiri kíláàsì. Kódà nígbà tí Apple gba Type-C fún fóònù rẹ̀ ní ọdún 2023, iPhone 15 tí owó rẹ̀ kéré ń gbé ìròyìn ní ìyára ọdún 2000, nígbà tí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ogún. Ihò kan náà ni wọ́n ní.

Àwọn tí ń ṣàkóso ìlànà náà sì tún fi orúkọ dá ènìyàn rú. Ohun tí wọ́n pè ní USB 3.0 ní ọdún 2008 ni wọ́n tún sọ di 3.1 ti ìran kìíní, wọ́n tún wá sọ ọ́ di 3.2 ti ìran kìíní. Ohun kan náà ni. Abíkú nìkan ni a mọ̀ tí ń gba orúkọ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Okùn tí kò tọ́ lè ba nǹkan jẹ́. Láti ọdún 2015 ni Benson Leung, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Google, ti ń ra okùn Type-C tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kéde èyí tí kò bá ìlànà mu. Ní ọdún 2016, ọ̀kan nínú àwọn okùn ọ̀hún, tí wọ́n ti so wáyà inú rẹ̀ lódì, ba kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣe àyẹ̀wò jẹ́. Bí onímọ̀ Google bá lè kó sínú irú èyí, kí ni kí olùkọ́ tí ń ra okùn lọ́wọ́ ọmọ tí ń sáré láàárín ọkọ̀ ṣe?

Gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì, níbi tí owó, àkókò àti omijé ti ṣòfò jù. Ẹ rántí pé a ti sọ pé àlejò ń sọ ẹni tí òun jẹ́, ọba sì ń gbà á gbọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ bí àlejò bá ń purọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Windows tún máa ń ṣí ohun tí ó bá wà nínú fíláàṣì fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Fáírọ́ọ̀sì Conficker, tí ó jáde ní ọdún 2008, gba ojú ọ̀nà yìí pẹ̀lú àwọn mìíràn, ó sì ran ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kejì ọdún 2011 ni Microsoft tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ láti dá àṣà ìṣí-fúnra-ẹni náà dúró. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ṣàwárí Stuxnet, èyí tí a gbà pé fíláàṣì ni ó gbé e wọ ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì Natanz ní Ìráànì, níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì láti gbé e wọlé. Ní ọdún 2014, Karsten Nohl àti Jakob Lell láti Jámánì fi hàn ní àpérò kan ní Las Vegas pé a lè yí ọpọlọ fíláàṣì padà kí ó máa pe ara rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù, kí ó sì máa tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé onílé ni ó ń tẹ̀ ẹ́.

Natanz jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ fáírọ́ọ̀sì tí ń fi fódà pamọ́, tí ó sì ń fi àwòrán òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò sọnù. Ó wà níbẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe sì lè fà á yọ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti tán, yóò gbà kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù nu fíláàṣì náà mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá lọ. Kọ̀ǹpútà tí ọgọ́rùn-ún fíláàṣì ń wọ̀ lójúmọ́ dà bí ife kan ṣoṣo tí gbogbo ọjà fi ń mumi. A kò lè dá ọmọ ṣọ́ọ̀bù nìkan lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní owó data tí wọn yóò fi máa tún ẹ̀rọ amúfáírọ́ọ̀sì ṣe, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà wọn kì í sì í béèrè.

Ẹ̀tàn tí ó wà nínú iye ẹrù tí fíláàṣì lè gbà tún burú. Fíláàṣì wà lọ́jà tí a kọ iye ńlá sí lára, tí owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an. Inú rẹ̀ kò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a kọ sí ìta. Wọ́n ti kọ́ ọ ní irọ́ tí yóò máa pa fún kọ̀ǹpútà. Yóò gba fáìlì, yóò fi orúkọ rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí àyè tòótọ́ bá tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan lẹ́yìn náà ni onítọ̀hún yóò tó mọ̀. Ìlànà USB kò ní ohun tí ó lè fi dá èyí dúró, nítorí pé orí ihò àti ìbánisọ̀rọ̀ ni àṣẹ rẹ̀ mọ. Kì í ṣe ajẹ́rìí fún ọjà.

Ní ti àwọn tí ń fa fíláàṣì yọ lójijì, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Kọ̀ǹpútà kì í fi ìgbà gbogbo kọ nǹkan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ó bá sọ pé òun ti kọ ọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń kó o sí ọwọ́ kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àṣẹ tí a fi ń sọ fún un pé a fẹ́ yọ ẹ̀rọ ni ó ń mú kí ó sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín èyí, àbájáde kan náà ni.

Àwọn ìjọba pàápàá ti dá sí i. Ìjọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin ní ọdún 2022 pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, fóònù, kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ àwọn gbọ́dọ̀ ní ihò Type-C. Wọ́n fún kọ̀ǹpútà alágbèéká ní gbèdéke ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2026. Apple ta ko ó, wọ́n ní òfin yóò pa ọgbọ́n tuntun, àwọn tí wọ́n ti ní okùn àtijọ́ yóò sì kó wọn dànù. Àríyànjiyàn kejì ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Èkíní kò ní ẹsẹ̀ púpọ̀, nítorí pé USB fúnra rẹ̀ ti yí padà nígbà mélòó kan láàárín ọgbọ̀n ọdún láìsí pé òfin dí i lọ́wọ́. Òfin Yúróòpù kò de Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò ní ṣe fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ọ̀kan bá tó. Nítorí náà òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́hùn-ún ni yóò pinnu irú okùn tí a ó máa rà ní ọjà Òkè-Àgbò.

Bí a bá gbé ìwọ̀n náà, èrè wúwo ju ìyọnu lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé ayé ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dára jù kò gbé ibẹ̀ rí ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni kan náà ni ó ń jẹ èrè tí ó sì ń ru ìyọnu. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ń jẹ èrè owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó ru ẹrù fáírọ́ọ̀sì, okùn ayédèrú àti fíláàṣì onírọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ẹ̀dà iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà ibi tí ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ dojú àtúnṣe kọ ni ẹ̀dà yẹn. Fíláàṣì jẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń gbé nǹkan, kì í ṣe àká tí a ń kó o pamọ́ sí. Olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí lè béèrè, ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí òun àti sí ara rẹ̀ nípasẹ̀ íméèlì. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán kò jẹ data púpọ̀. Èyí tí a bá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ó jẹ́ PDF, tí a dà sórí fíláàṣì òfìfo tí kò ní nǹkan mìíràn nínú. Bí fáírọ́ọ̀sì bá bá a, kí ó bá a.

Ẹni tí ó bá ra fíláàṣì tuntun kí ó dà á kún bámúbámú ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì ṣí àwọn fáìlì náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí àkókò tí yóò fi lè dá a padà fún olùtajà tó kọjá. Ní ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fọwọ́ sí ìwé ìrajà, ọ̀rọ̀ 'okùn USB' nìkan kò tó kọ sílẹ̀ mọ́. Kí ó kọ ẹnu tí ó wà ní orí méjèèjì, ìyára tí ó fẹ́, bóyá ìròyìn ni yóò gbé tàbí iná nìkan, àti bí ó ti gùn tó, nítorí pé okùn USB kejì tí ó bá gùn ju mítà 5 lọ ti kọjá ohun tí ìlànà gbà. Kí ó sì wo ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ tí ó ti wà nílẹ̀ kí ó tó buwọ́ lù ú: bí kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé wá kò bá ní ju Type-C lọ, tí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì sì jẹ́ ti àtijọ́, owó ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà.